Ìkìlọ̀ fún ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ẹ ṣọ́ra fún túyà aláwọ̀ wúrà tí kò ní gbòǹgbò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Tokpota, ní Ouando, ní Louho, títí dé ọ̀nà Adjarra, tí ẹ sì fẹ́ kí iwájú ilé yín dùn ún wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà nígboro tó ń ta túyà aláwọ̀ wúrà, igi ọ̀ṣọ́ iwájú ilé tí àwọn mìíràn ń pè ní thuya doré. Ohun tó ń tà kì í ṣe igi. Ẹ̀ka ni. Ó ń gé e lára túyà tó wà nínú ọgbà onílé, ó ń gún un mọ́ inú ọ̀rá dúdú tó rọ iyẹ̀pẹ̀ kún, ó sì ń gba 15.000 sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbà òdòdó ni mò ń ṣe jẹun. Mi ò ta igi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé torí ọjà tèmi ni mo ṣe ń ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti rọlẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí láti ilé dé ilé: "Ẹ wá bá wa wo igi wa, ó ń gbẹ." Bí mo bá débẹ̀, ìtàn kan náà ni mò ń gbọ́, ọ̀rá dúdú kan náà ni mò ń bá, àti okùn pupa kan náà tí wọ́n fi so ó lẹ́nu pinpin.

Orí WhatsApp àti Facebook ló ti ń pàtẹ ọjà rẹ̀. Àwọn fọ́tò tó ń gbé síbẹ̀ rẹwà lóòótọ́: igi rìbìtì, ó ń dán yinrin látòkè délẹ̀, ó dúró níwájú ilé bíríkì pupa. Nínú ọ̀kan lára wọn, bí ẹ bá fà á kó tóbi, ẹ ó rí yìnyín funfun tó bo koríko. Ilé ta ni yẹn ní Àjàṣẹ́? Ṣùgbọ́n ojú tó ti rí wúrà kì í wo ilẹ̀ mọ́.

Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gùn, bó bá sì fura pé iṣẹ́ ìjọba lẹ ń ṣe, Faransé ni yóò fi máa dá yín lóhùn. Bí àgbàlagbà bá pè é, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ tó ń dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Yóò ní òkè òkun ni igi náà ti wá, pé èbúté Kútọnù ni wọ́n ti já a, pé ó ku díẹ̀ kó tán, pé ọ̀gá kan ti fẹ́ kó gbogbo ìyókù. Yóò tún ní Songhaï lòun ti kọ́ṣẹ́. Gbogbo wa la mọ Songhaï, láti 1985 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀, orúkọ rere sì ni oníjìbìtì máa ń yá lò. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ní tòótọ́ kò ní sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Ìdajì owó ni yóò gbà lórí MoMo kó tó gbéra, ẹ ó kó ìyókù fún zémìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, tó bá gbé e dé. Zémìjàn yìí kì í dé lójú ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ó ti rẹ onílé, tí àwọn ọmọ ń ké oúnjẹ. Yóò já a sílẹ̀, yóò gbowó, yóò ṣáná sí alùpùpù rẹ̀, ó di gbére. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yóò wọlé sórí WhatsApp: "Ẹ má tú ọ̀rá yẹn o. Tọ̀rá-tọ̀rá ni kí ẹ gbìn ín. Gbòǹgbò rẹ̀ ò fẹ́ atẹ́gùn. Ó di oṣù méjì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án."

Irọ́ gbáà ni. A kì í gbin igi tọ̀rá-tọ̀rá, ọ̀rá yóò fún gbòǹgbò pa ni. Ṣùgbọ́n òun mọ ìdí tó fi fẹ́ kí ó pé oṣù méjì kí ẹnikẹ́ni tó wo ìdí igi náà.

Túyà àti àwọn ìbátan rẹ̀ kì í tètè rọ. Ewé wọn kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé ẹ̀fọ́. Ìpẹ́ kéékèèké ni, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó sì ní ìda lára tí kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè gbẹ. Ohun tó fà á nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń gé igi sapin wọlé nígbà Kérésìmesì, tí ewé rẹ̀ yóò sì wà ní tútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí gbòǹgbò. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka máńgòrò láàárọ̀, ó ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ gé ẹ̀ka túyà, ẹ gún un mọ́ ilẹ̀ tútù lásìkò òjò, ẹ ó máa bu omi rin òkú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, láìfura. Àwọ̀ tó ń dán yẹn, tí gbogbo èèyàn fi ń mọ igi tó yè, kò jẹ́rìí ohunkóhun lára irú igi báyìí.

Ní ilé ìyá kan ní Tokpota, mẹ́fà ni wọ́n gbìn, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, lójú ọ̀nà tó wọ ilé. Wọ́n ti to òkúta funfun yí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Méjì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe pè mí. Mo kọjá àwọn méjì yẹn, mo di èyí tó tutù jù lọ mú nídìí, mo sì fà á. Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọ̀bẹ tí wọ́n fà yọ nínú iṣu sísè. Ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ojú ọ̀bẹ ṣì hàn níbi tí wọ́n ti dá a ní ìdábùú. Èèpo ibẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ti ń rùn. Kò sí gbòǹgbò kan ṣoṣo níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Lókè, ewé ṣì ń tàn. Ìyá wo igi, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín láàárọ̀ yìí náà ni."

Mo fa àwọn yòókù. Ọ̀kan ní gbòǹgbò lóòótọ́, gbòǹgbò tó dára, tó ti yí inú ọ̀rá ká. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣèèṣì ni. Nígbà tí mo tún bá irú rẹ̀ nílé mìíràn ni ó tó yé mi: ó máa ń há ojúlówó kan sáàárín ayédèrú, kí ó lè rí èyí tí yóò fi han ẹni tó bá takú pé òun fẹ́ rí ìdí igi. Nítorí náà, ẹ má ṣe yẹ ọ̀kan wò kí ẹ sanwó mẹ́fà. Ẹ tú gbogbo rẹ̀.

Bí igi bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí ẹ pè é, kò ní sá lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ní ọjà kan lọ́wọ́. Yóò bi yín bóyá omi kànga ni ẹ lò tàbí omi ẹ̀rọ, èyí tí ẹ bá sì mú, òun náà ló burú. Yóò wá ní oògùn gbòǹgbò wà, 5.000 sẹ́fà ìgò kan. Mo ti ṣí ìgò náà, mo ti gbóòórùn rẹ̀, mo sì bá hóró funfun tí kò tíì yòrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Ajílẹ̀ yúríà tí wọ́n pò mọ́ omi ni, ó sì ki débi pé yóò jó gbòǹgbò igi tó tiẹ̀ ní gbòǹgbò. Lẹ́yìn tó bá ti gba owó ìgò kejì ni nọ́ńbà rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

Ẹ tún wo ibi tí ó ti ń rí ẹ̀ka gé. Onílé kan ní Oganla, tó gbin túyà tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́, jáde láàárọ̀, ó bá ìhà tó dojú kọ títì níhòòhò. Wọ́n ti gé e wọnú igi gidi. Igi yìí kì í sì í hù padà láti ara ẹ̀ka àtijọ́ tí kò léwé mọ́. Bí ẹ bá gé e kọjá ibi tí ewé mọ, ihò yẹn ló máa wà níbẹ̀ títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ba ọgbà ẹnì kan jẹ́ kó tó lọ lu ẹlòmíràn ní jìbìtì, títì kan náà ni wọ́n sì lè jọ máa gbé.

Ìyẹn nìkan kọ́, nítorí àwọn mìíràn wà tí wọn ò gé ẹ̀ka, tí ọjà wọn ò sì mọ́. Àwọn kan ń fi fọ́tò túyà pe èèyàn, wọ́n á wá gbé duranta wá. Duranta lèyí tó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń rẹ́ ní gígùn bí ògiri, tí ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń ta gbòǹgbò wẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Mi ò kórìíra rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan lẹ fẹ́, tí owó ò sì tó, èmi gan-an yóò ní kí ẹ gbìn ín, ó ń fara da oòrùn, ó ń fara da rírẹ́, ó kàn jẹ́ pé èso rẹ̀ olómi ọsàn ní májèlé, kí ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sọ ọ́ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n owó duranta ni kí ẹ san fún duranta.

Àwọn oníhóró tún wà, tí wọ́n ń ta hóró túyà aláwọ̀ wúrà nínú bébà kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá tilẹ̀ hù, ewéko tútù lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò dà. Ẹ̀ka ni wọ́n fi ń mú irú aláwọ̀ wúrà bí sí i: kí wọ́n gé e, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ níbòòji fún ọ̀pọ̀ oṣù títí yóò fi ta gbòǹgbò, tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí igi mìíràn. Iṣẹ́ tó pẹ́ ni, ìdí tí ojúlówó fi wọ́n nìyẹn. Ohun tí ọkùnrin wa ń ṣe ni pé ó gba owó iṣẹ́ náà, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Àwọn tó ń ta igi tí ebi ń pa ńkọ́? Túyà tútù tí kò rí ajílẹ̀, tàbí tí omi dúró sí nídìí, yóò pọ́n. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé wúrà ni. Ẹ wo ibi tí àwọ̀ náà wà. Ti ojúlówó, orí ẹ̀ka ló ti ń tàn, níbi tí ewé tuntun wà, pàápàá níhà tí oòrùn ń bá. Bí ẹ bá ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ tí ẹ wonú, tútù ni ẹ ó bá. Ti ebi, ewé àgbà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní dán. Ìdí yìí kan náà ni ẹni tó bá gbin ojúlówó sábẹ́ òjìji máńgòrò yóò fi rí i pé wúrà ti pòórá lára rẹ̀, ó ti di tútù. Ẹ má lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà, oòrùn ni kò rí.

Èyí tó ṣòro jù láti ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà mi ni Goldcrest. Igi gidi ni, ó ní gbòǹgbò, ó ní ìwé orúkọ lọ́rùn: Cupressus macrocarpa. Ó dúró ṣánṣán, bí ẹ bá fi ìka fọ́ ewé rẹ̀, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò bọ́ sí yín nímú. Ó wù èèyàn. Ṣùgbọ́n etíkun Monterey ní California, ní Amẹ́ríkà, ni ìdílé rẹ̀ ti wá, níbi tí ìkùukùu òkun ti máa ń tu ilẹ̀ lára. Ooru àti ọ̀rinrin Àjàṣẹ́ kì í jẹ́ kó pẹ́. Ẹni tó tà á fún yín kò purọ́ orúkọ, ó purọ́ nígbà tó ní yóò gbé níbí. Ní tèmi, ẹ má rà á, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ẹ ó máa jìyà rẹ̀ ni.

Èyí tó ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa ni túyà ti ilẹ̀ Ṣáínà. Orúkọ méjì ni ẹ lè bá lára rẹ̀, Thuja orientalis tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko, sọ ọ́ ní 1753, àti Platycladus orientalis tó ń jẹ́ láti 1949. Igi kan náà ni, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ kejì gba àfikún owó lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í tẹ́ sílẹ̀, òòró ló ń dúró, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bákan náà. Bó bá so, èso rẹ̀ kékeré ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí wọ́n bu eérú lù, ó sì hu ìwo wínníwínní. Irú tó kúrú, Aurea Nana, ni wọ́n sábà máa ń tà fún iwájú ilé. Kì í yára dàgbà rárá. Ẹni tó bá ní yóò ga dé òrùlé lọ́dún tó ń bọ̀, irọ́ ló ń pa, kí ẹ yáa yí ẹ̀yìn padà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ bá ẹni tó ní ojúkò, tí ẹ lè padà lọ bá lọ́la. Ojúmọmọ ni kí ẹ lọ. Àwọn kan máa ń fi èékánná ha èèpo igi wò bóyá abẹ́ rẹ̀ tutù. Ìyẹn kò tó fún igi yìí, nítorí abẹ́ èèpo ẹ̀ka gígé náà á ṣì tutù. Ìdí ni kí ẹ dì mú, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ojúlówó, iyẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá yóò bá a gbéra. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka, òun nìkan ni yóò jáde, iyẹ̀pẹ̀ á dúró. Ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ ọ̀rá náà pẹ̀lú, gbòǹgbò sábà máa ń yọjú níbẹ̀. Ẹni tí igi rẹ̀ dára kò ní bínú sí èyí. Mo ti bá oníṣòwò tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fa ọ̀rá ya kí n tó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ bọ́ ọ̀rá kúrò, ẹ gbìn ín níbi tí oòrùn ti ń ràn láti àárọ̀. Ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń di omi mú nígbà òjò, nítorí náà ẹ kó ilẹ̀ jọ kó ga díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Ilé tó bá sún mọ́ ọ̀sà, tí omi ń dúró sí, kó fi túyà sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ìdí ni kí ẹ máa bomi rin, kí ẹ sì máa yẹ inú ewé wò fún kòkòrò aláǹtakùn kéékèèké tó ń mú un pọ́n. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́ nítorí ìbínú. Ẹ tọ́jú ohùn rẹ̀, fọ́tò tó fi ránṣẹ́, àti ìwé ẹ̀rí MoMo tó ní nọ́ńbà ìsanwó lára. Òfin lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wà ní Benin, òfin 2017-20 tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2018, ó sì kan jìbìtì orí fóònù. CNIN, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gba ipò OCRC, ló ń wá àwọn gaïman, ìyẹn àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tó rò pé 15.000 kéré jù láti gbé lọ bá wọn, ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò yín tó rà mẹ́fà. Ẹ kó ọ̀rá àti okùn pupa náà dání.

Mo gbọ́ pé ó ti ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ará Sakété àti Pọ́bẹ̀, ẹnì kan sì ti rí i lórí WhatsApp àwọn ọmọ Kétu. Nọ́ńbà rẹ̀ ń yí, ìdí nìyẹn tí n kò fi kọ ọ́ síbí. Fọ́tò oníyìnyín yẹn ni kò tíì yí. Bí ẹ bá rí i, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ pe àbúrò yín tó ń kọ́lé níbẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn. Bí ọwọ́ yín bá sì tẹ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ọwọ́ kan zémìjàn tó gbé ẹrù, nítorí púpọ̀ nínú wọn ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá. Commissariat, àgọ́ ọlọ́pàá, ni kí ẹ mú un lọ.